Ẹrẹ̀ Tí Mo Fi Kun Irin Màmá Ọdẹ́tọ́lá

Èmi ni mo ṣe é. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará Egan, àdúgbò wa, nítorí pé tiwọn ti hu ìrù, ó ti hu ìwo.

Hamdalah ni orúkọ mi. Ilé ìwé sú mi ní kíláàsì kẹta girama. Mo kó ìwé mi fún àbúrò mi, mo lọ kọ́ṣẹ́ wẹ́dà lọ́dọ̀ Ọ̀gá Àmúsà. Bí àwọn ènìyàn bá rí ọmọbìnrin tó dé ìbòjú wẹ́dà, wọn a dúró, wọn a lanu. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, n ó jẹ́ kí iná ta sí apá ọ̀dọ̀ wọn díẹ̀, kí n lè rí bí àgbàlagbà ṣe ń sáré.

Ẹ̀fẹ̀ ni oúnjẹ mi. Èmi ni mo fi gírísì dúdú pa ẹ̀yìn fóònù ọ̀gá, tí wọ́n fi lọ kírun Jímọ̀ pẹ̀lú etí dúdú kan. Èmi ni mo jó irin bẹ́lítì Bọ̀dá Godswill mọ́ àga irin tí ó jókòó lé, nígbà tó sùn lọ lọ́sàn-án. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń ya ní fídíò. Bí mo bá dé ilé, n ó dùbúlẹ̀, n ó máa wò ó, ẹ̀rín á máa pa mí títí ìyá mi á fi kan ògiri.

Bọ̀dá Godswill yìí ni ọmọ iṣẹ́ àgbà ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ará Sapele ni, ṣùgbọ́n Ìkòtún ló dàgbà sí, Yorùbá rẹ̀ já gaara ju tèmi lọ. Ọdún kẹrin rẹ̀ ló ń lò. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń di iná mú tí ọwọ́ ò fi ní gbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dírọ́ọ̀mù kan fún yín, nítorí inú rẹ̀ ni wàhálà ti jáde.

Dírọ́ọ̀mù náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù wa. Omi iyọ̀ ló kún inú rẹ̀. Bí ọ̀gá bá fẹ́ kí irin tí a fi ń gé irin le dáadáa, wọ́n á tì í bọ iná títí á fi pọ́n, wọ́n á wá kì í bọ inú omi yẹn, ṣààà! Omi iyọ̀ a máa mú irin bẹ́ẹ̀ le ju omi lásán lọ. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí ọ̀gá kì í jẹ́ kó tutù lẹ́nu wọn.

"Omi dírọ́ọ̀mù ò gbọdọ̀ kan irin tí a máa kùn lọ́dà. Bó bá ta sí i, ẹ fi omi kànga fọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ tún un fọ̀."

Mi ò bèèrè ìdí rẹ̀. Omi ni omi, àbí?

Òfin kejì dá lórí ọ̀dà pupa, èyí tí àwọn wẹ́dà ń pè ní rẹ́dọ́ksáìdì. A kì í fi ọ̀dà dúdú tó ń dán kun irin láìjẹ́ pé ọ̀dà pupa ti kọ́kọ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Ìpẹtà kì í sùn," ọ̀gá máa ń wí. "Bí omi àti afẹ́fẹ́ bá rí irin ní ìhòòhò, jíjẹ ni wọn yóò jẹ ẹ́. Ọ̀dà dúdú tí ẹ ń rí lókè yẹn, ẹ̀wù òjò ni. Àgbo ni ọ̀dà pupa. Oògùn tó ń bá ìpẹtà jà wà nínú rẹ̀. Bí ẹ̀wù òjò bá tiẹ̀ ya, àgbo á ṣì máa ṣiṣẹ́."

"Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni, sà, àbí ti ibà?" Èmi ni.

Ọ̀gá ju àkísà lù mí. Bọ̀dá Godswill rẹ́rìn-ín títí ìbòjú fi bọ́ lójú rẹ̀.

Oṣù Karùn-ún ọdún tó kọjá ni Màmá Ọdẹ́tọ́lá gbé iṣẹ́ wá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé sí Ayọ̀bọ̀. Wọ́n fẹ́ sítáńdì tí wọ́n máa gbé táǹkì omi lé. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, irin ìdábùú sì so wọ́n pọ̀ nísàlẹ̀ àti lókè, pẹ̀lú àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀gá jó o pọ̀ fúnra wọn. Wọ́n wá ní kí Godswill fi ọ̀dà pupa kùn ún láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí àwọn tó dé láti ọjà irin.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Godswill dé pẹ̀lú ojú pípọ́n, ó ń gbọ̀n.

"Hamda, ibà ti mú mi. Mi ò rí ilẹ̀ tí mò ń tẹ̀ dáadáa."

"Ẹ lọ sùn, Bọ̀dá. Èmi á kùn ún."

"Ọ̀gá ní kí n kùn ún fúnra mi ni o."

"Ṣé ọ̀dà máa pariwo pé èmi ni? Mo máa ní ẹ̀yin ni. Ẹ lọ, jàre."

Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "Ọlọ́run á bù kún ẹ." Ó lọ. Ó fọkàn tán mi. Ẹ rántí gbólóhùn yẹn fún mi.

Mo ti mú agolo ọ̀dà pupa dání, mo fẹ́ ṣí i, nígbà tí ojú mi lọ sí ilé kejì. Wọ́n ń gbẹ́ ihò ṣáláńgá níbẹ̀, wọ́n sì ti kó ilẹ̀ pupa jọ sí ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀ náà kúnná bí ẹ̀lùbọ́. Mo bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Mo wo ara agolo. Mo tún wo ọwọ́ mi.

Ìbejì ni wọ́n!

Ẹ̀rín ti ń pa mí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sáà rò ó wò: Ọ̀gá Àmúsà, tó jẹ́ pé bí ọ̀dà bá fi bí irun orí ṣe mọ yàtọ̀, wọ́n á mọ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ pa ẹrẹ̀ kí wọ́n sì yìn ín! Kí n yà á ní fídíò! Ẹ̀fẹ̀ tó ju gbogbo ẹ̀fẹ̀ tí mo ti ṣe lọ ni. Bí wọ́n bá yìn ín tán, n ó bú sẹ́rìn-ín, n ó fọ ẹrẹ̀ kúrò, n ó sì kùn ún bó ṣe yẹ.

Mo sẹ́ ilẹ̀. Mo tọrọ gọ́ọ̀mù funfun díẹ̀ lọ́dọ̀ káfíńtà tó wà níwájú wa, kí ẹrẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ irin. Omi ló kù. Kànga jìnnà díẹ̀. Dírọ́ọ̀mù ló wà nítòsí.

Inú dírọ́ọ̀mù ni mo ti bu ú.

Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ yẹn ń fà lára irin bí òrí lára ọmọ tuntun. Mo kun ẹsẹ̀ kejì. Mo kun ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin. Mo gun àtẹ̀gùn, mo kun gbogbo irin ìdábùú, tìsàlẹ̀ tòkè, mò ń kọrin. Nígbà tó gbẹ, kò sí ẹni tó lè bá mi jiyàn. Mo ti agolo ọ̀dà pupa sábẹ́ bẹ́ńṣì, mo sì fi fóònù mi ti búlọ́ọ̀kù kan kó lè máa wo ojú ọ̀gá.

Ọ̀gá dé. Wọ́n rìn yí sítáńdì náà ká. Wọ́n fi ìka ọ̀tún pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Godswill ló kùn ún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bọ̀dá Godswill ni."

"Ẹ wo bó ṣe tẹ́jú! Ọmọ yìí ti di ọ̀gá lójú mi báyìí. Ọwọ́ tó kun èyí, fríìdọ̀mù ti tọ́ sí i."

Ẹ̀rín ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo ti lanu.

"Iná dé!" ni gbogbo àdúgbò pariwo.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Egan mọ ohun tí mò ń sọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni a kò ti rí iná. Ọ̀gá sáré débi ẹ̀rọ tó ń fọ́n ọ̀dà, wọ́n tan án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

"Hamdalah! Gbé ọ̀dà dúdú wá! Sáré, kí wọ́n tó mú iná yìí lọ!"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ..."

"Sọ kí ni? Gbé ọ̀dà wá!"

Mo gbé e wá. Ẹ bá mi wò ó. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo fi rìn, ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi gbé e wá. Láàárín wákàtí kan, sítáńdì náà dúdú, ó ń dán bí bàtà ọlọ́pàá. Mo ní n ó sọ ọ́ lọ́la. Ní ọ̀la, mọ́tò ti gbé e lọ sí Ayọ̀bọ̀ kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù.

Mo wo fídíò náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rẹ́rìn-ín. Mo wò ó ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tó yá, mi ò wò ó mọ́, ṣùgbọ́n mi ò pa á rẹ́. Mo ní, kí ni ẹrẹ̀ lásán lè ṣe fún irin? Òjò ọdún yẹn rọ̀, ó kọjá. Ti ọdún yìí náà bẹ̀rẹ̀.

Lóṣù Kẹwàá, ọjọ́ Sátidé kan ni a mú fún fríìdọ̀mù Bọ̀dá Godswill, ayẹyẹ pé ó ti kọ́ṣẹ́ yanjú. Ó ti rán aṣọ funfun. Ọ̀gá ti kọ orúkọ rẹ̀ sára ìwé ẹ̀rí. Ìyá rẹ̀ ní òun máa wọkọ̀ láti Sapele ní ọjọ́ Jímọ̀. Ìyá yẹn ò rí i láti ọdún méjì.

Ní Tọ́sìdeè, fóònù ọ̀gá dún. Màmá Ọdẹ́tọ́lá ni.

"Ọ̀gá Àmúsà, ẹ wá wo sítáńdì yín o. Ó ń bó bí awọ alángbá. Omi pupa sì ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n dúńbú ẹran síbẹ̀."

"Sítáńdì tèmi? Tí kò tíì pé ọdún méjì?"

"Ẹ máa bọ̀, ẹ wá fi ojú ara yín rí i."

Mo dijú. Iyọ̀ dírọ́ọ̀mù ò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Ẹrẹ̀ nìkan ni mò ń rò.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ayọ̀bọ̀. Godswill ń fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ kẹ̀kẹ́, kò, kò, kò. Èmi ò ṣe ẹ̀fẹ̀ kankan, kò sì sẹ́ni tó bi mí pé kí ló ṣe mí.

Nígbà tí a débẹ̀, Lucy, ọmọ-ọmọ màmá, ń bu omi tó kún dànù lábẹ́ sítáńdì náà. Ọ̀gá rí i, ohùn wọn yí padà.

"Ọmọ, kúrò níbẹ̀. Wọlé lọ. Kíá!"

Ẹsẹ̀ tó wà lápá ibi tí omi táǹkì máa ń kún dànù sí ló burú jù. Ọ̀dà dúdú ti wú lára rẹ̀ bí awọ tí iná jó. Ọ̀gá fi èékánná ṣí i. Odindi abala bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ìyẹ̀fun pupa sì dà sórí bàtà wọn. Wọ́n fi òòlù kan irin ìdábùú tó wà nísàlẹ̀. Kò dún. Òòlù wọnú irin bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka gún búrẹ́dì.



Ọ̀gá gbé abala ọ̀dà náà sókè, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣe ohun tí mi ò ní gbàgbé láé. Wọ́n yọ ahọ́n, wọ́n tọ́ ọ wò.

"Iyọ̀," ni wọ́n sọ.

Màmá ní, "Iyọ̀ kẹ̀? Níbo ni iyọ̀ ti dé ara táǹkì?"

Ojú ọ̀gá ti wà lára Godswill.

"Ohun tó ń bá ìpẹtà gbé oúnjẹ kalẹ̀ ni iyọ̀. Dírọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ló wà tó ní iyọ̀ nínú. Godswill, ta ló kun irin yìí?"

Ó yẹ kó nawọ́ sí mi. Ó mọ̀ pé èmi ni. Ó wò mí, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó ń dúró, ó ń fún mi láyè. Mo wo ilẹ̀.

"Èmi ni, sà," ni Godswill wí. "Ẹ ní kí n kùn ún. Èmi ni."

"Omi dírọ́ọ̀mù ta sí ẹsẹ̀ yìí, o ò sì fọ̀ ọ́?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Ọdún mẹ́rin! Ọdún mẹ́rin ni mo fi sọ ọ̀rọ̀ kan!" Ọ̀gá ju abala ọ̀dà náà mọ́lẹ̀. "Kò sí fríìdọ̀mù ní Sátidé. Pe ìyá rẹ, kó má wọkọ̀ mọ́."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti ra oúnjẹ..."

"Pè é!"

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo búra fún yín. Ṣùgbọ́n ẹnu kan náà tó máa ń ṣí fún ẹ̀rín láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́, ó ti padé bí ẹnu agolo tó ti dípẹtà. Nínú àpò mi, fóònù mi ń gbóná mọ́ itan mi bí ẹni pé ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohùn kan ní, pa fídíò yẹn rẹ́ nísinsìnyí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ títí ayé.

Mo ki ọwọ́ bọ àpò.

Omi kún táǹkì náà, nítorí iná wà láàárọ̀, màmá sì ti fa omi. Ẹnu ẹ̀rọ tó yẹ kí a fi tú u ti gan. Ọ̀gá ní a ní láti fi rọ́bà fa omi láti òkè kí ẹsẹ̀ tó bàjẹ́ yẹn tó yẹ̀.

Wọ́n kan àwọn ẹsẹ̀ mẹ́ta tó kù lóòlù. Wọ́n dún gbọnran, nítorí irin ẹsẹ̀ nípọn. Ojú ọ̀dà wọn sì ṣì ń dán.

"Ẹsẹ̀ kan ló kàn," ni ọ̀gá wí. "Àwọn mẹ́ta yìí á gbé e. Ẹ̀gbẹ́ ibí yìí ni kí a gbà gùn ún."

"Èmi á gùn ún, sà," ni Godswill wí. "Èmi ni mo bà á jẹ́."

Ó so rọ́bà mọ́ ìbàdí, ó di àtẹ̀gùn mú.

Ọ̀gá rò pé omi dírọ́ọ̀mù ta sí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Èmi nìkan ni mo mọ̀, nínú gbogbo ayé, pé omi yẹn wà lára gbogbo ẹsẹ̀, ó sì wà lára àwọn irin ìdábùú òkè tó fẹ́lẹ́, tí òòlù ọ̀gá ò dé. Ọ̀dà dúdú tó ń dán yẹn, ẹ̀wù òjò ni. Kò sí àgbo kankan lábẹ́ rẹ̀.

Ó gun ìkíní. Mo ní irin á gbé e.

Ó gun ìkejì àti ìkẹta. Mo ní bóyá òkè ò tíì bàjẹ́ púpọ̀.

Nígbà tó tẹ ìkẹrin, irin náà ké díẹ̀, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá fẹ́ dìde lórí àga.

"Bọ̀dá, ẹ sọ̀kalẹ̀!" Mi ò mọ̀ pé ohùn mi le tó bẹ́ẹ̀. "Ẹ sọ̀kalẹ̀! Gbogbo rẹ̀ ni! Gbogbo rẹ̀ ni iyọ̀ wà!"

Ọ̀gá yí ojú sí mi. "Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Èmi ni mo kùn ún! Ẹrẹ̀ ni! Ẹ ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́!"

Godswill wo ìsàlẹ̀. Ó rí ojú mi, kò bèèrè ọ̀rọ̀ kankan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ó ku ìgbésẹ̀ méjì kó dé ilẹ̀ nígbà tí nǹkan dún lókè, *pá!* Irin ìdábùú kan já. Omíràn já tẹ̀lé e. Sítáńdì náà fì sí apá ọgbà.

"Fò!" ni ọ̀gá ké.

Ó fò. Ó já sínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ màmá, rọ́bà ṣì wà ní ìbàdí rẹ̀. Táǹkì náà ré bọ́, ó fọ́ mọ́ fẹ́ńsì, omi sì ya lù wá dé orúnkún. Mo rí ike ìpọnmi Lucy tó ń léfòó kọjá lọ níwájú mi.

"Jésù!" ni Màmá Ọdẹ́tọ́lá ké.

"Láílà!" ni ọ̀gá ké.

Godswill dìde láàárín ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Apá rẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbẹ̀. Ó fọwọ́ kan orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń wò ó bóyá ohun gbogbo pé.

Ọ̀gá ò sáré sí mi. Ì bá sàn ká ní wọ́n sáré sí mi.

"Hamdalah. Mo bi ọ́ léèrè. Báwo lo ṣe mọ̀?"

Mo yọ fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ̀ ẹ́ kó tó ṣí. Mi ò tíì pa fídíò náà rẹ́. Mo gbé e fún wọn.

Nínú omi tó dé kókósẹ̀ yẹn, gbogbo wa gbọ́ ohùn ọ̀gá láti inú fóònù. *Ẹ wo bó ṣe tẹ́jú! Ọmọ yìí ti di ọ̀gá lójú mi báyìí.* A gbọ́ ohùn tèmi náà, ohùn tó fẹ́ bú sẹ́rìn-ín: *Bọ̀dá Godswill ni.*

Ọ̀gá wò ó tán. Wọ́n dá a padà sẹ́yìn, wọ́n tún wò ó. Níbi tí wọ́n ti fi ìka pa irin, wọ́n gbé ìka ọ̀tún wọn sókè, wọ́n ń wò ó bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín.

Godswill tiro wá síbẹ̀.

"Hamda, ṣé ó pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?"

"Nígbà yẹn ni, Bọ̀dá."

"Nígbà tí mo ní èmi ni ńkọ́? Lẹ́ẹ̀kan yìí?"

Mo sunkún. Ó yí ẹ̀yìn sí mi.

Màmá Ọdẹ́tọ́lá kọjú sí mi. "Kíláàsì kelòó lo ti fi ilé ìwé sílẹ̀?"

"Ẹ̀kẹta, mà."

"Abájọ! Ọdún tó tẹ̀lé e gan-an ni wọn ì bá kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ iyọ̀ àti irin."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ nínú omi níwájú màmá.

"Ẹ má bínú, mà. Ọmọ ló kùn ún, ṣùgbọ́n ìka mi ló pa á tó ní ó dára. A máa tún un ṣe."

Wọ́n wá kọjú sí Godswill. "Ìwọ náà parọ́ fún mi. O gba iṣẹ́ tí o kò ṣe. Ọjọ́ tí irin yìí bá tún dúró ni wàá gba fríìdọ̀mù."

Èmi ńkọ́? Wọ́n fi ọdún kan kún tèmi. Wọ́n wá ní àtúnṣe gbogbo irin tó kù nínú sítáńdì náà di iṣẹ́ tèmi nìkan.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi jẹ ìyà yẹn. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha gbogbo rẹ̀ títí ó fi funfun. Mo pọn omi kànga, mo fọ̀ ọ́, mo tún un fọ̀. Lẹ́yìn ìfọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá á dúró tì mí.

"Tọ́ ọ wò."

N ó fi ahọ́n kan irin.

"Iyọ̀ wà níbẹ̀?"

"Díẹ̀, sà."

"Tún un fọ̀."

Irin tí ihò ìpẹtà ti jinlẹ̀ lára rẹ̀, ọ̀gá fún mi ní oògùn kan nínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n ní kí n wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà kí n tó fi pa á. Ìpẹtà pupa tó kù nínú ihò di dúdú lójú mi. "Kì í ṣe pé ó bò ó mọ́lẹ̀ o," ni ọ̀gá wí. "Ó sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, tí kò lè jẹ irin mọ́." Lẹ́yìn náà ni mo kun ọ̀dà pupa, ọ̀dà pupa gidi, ẹ̀ẹ̀mejì. A kò fọ́n ọ̀dà dúdú sí i títí ó fi gbẹ, bí iná tiẹ̀ dé lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìyà tó le jù kọ́ ni mo ti sọ yẹn. Ìpè Godswill ò wọlé sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ títí ó fi wọkọ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀. Àárọ̀ Sátidé ló dé ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú aṣọ tuntun nínú báàgì.

"Na you?" ló bi mí.

"Èmi ni, mà."

Kò bú mi. Ó gbé àga, ó jókòó síwájú mi, ó ń wo bí mo ṣe ń ha irin. Ojoojúmọ́ ló ń wá. Bí mo bá gbójú sókè, ojú rẹ̀ ló máa pàdé mi. Ọjọ́ kẹfà, ó gbé ife omi tutù kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láìsọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo sunkún jù.

Ọ̀gá ò jẹ́ kí n pa fídíò náà rẹ́. Wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ sí fóònù àwọn. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ tuntun tó bá dé, wọ́n á fi hàn án, ojú tiwọn náà á sì máa tì wọ́n. Wọ́n á ní, "Ẹ wo ọ̀gá yín. Ojú ni mo fi wò ó, ẹ̀yin ẹ má fi ojú nìkan wò ó."

Mo ṣì ń ṣe ẹ̀fẹ̀ o. Ẹ má rò pé mo ti di àlùfáà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ ṣe èyí tí ojú máa rí, tí ẹ ó lè tú kó tó di alẹ́. Èyí tí ọ̀dà bá ti bò, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́. Ṣe ló ń jẹun lábẹ́lẹ̀, ẹ ò sì mọ ẹni tó máa gun àtẹ̀gùn lọ́jọ́ tó bá yó.

Ọ̀gá fi irin tuntun rọ́pò àwọn tó ti jẹ tán, sítáńdì náà sì tún dúró ní Ayọ̀bọ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e. Ọjọ́ kejì rẹ̀, Godswill wọ aṣọ funfun, ó kúnlẹ̀, ọ̀gá gbàdúrà fún un, ìyá rẹ̀ jó títí gèlè fi tú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín zóbò fún àwa ọmọ iṣẹ́, bí a ti ń ṣe. Láti ọjọ́ táǹkì, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀.

Ó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó gbé ife kan fún mi. Ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

"Mu."

Mo gbé e sẹ́nu. Iyọ̀! Iyọ̀ gidi, tó fẹ́ẹ̀ pa ahọ́n mi! Mo wo apá ọ̀tún, mo rí fóònù kan tí wọ́n fi ti búlọ́ọ̀kù, tó ń wo ojú mi. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń dúró. Ìyá rẹ̀ pàápàá ń dúró.

"Ó tẹ́jú, àbí?" ni Godswill wí.

Mo lè tutọ́. Mo wo ojú rẹ̀, mo gbé ife náà dà sókè, mo mu ún tán.

Ẹ̀rín ọ̀gá ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà, ti Godswill.